Ẹ̀gbọ́n, Ẹ Jẹ́ Kílẹ̀ Ṣú Ná

Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Oníná o! Orúkọ tí à ń pè é ní St. Albans, ní Queens níbí, nìyẹn láti ọjọ́ tó ti gbé mọ́tò oníná wálé. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, àwọn oníilé-epo Linden Boulevard mọ̀ ọ́n ju pásítọ̀ rẹ̀ lọ! Tó bá wá rí wa nídìí epo báyìí, á yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ẹ ṣì ń ra epo?" Àfi bí ìgbà tí lèmọ́mù bá ká èèyàn mọ́dìí àmàlà lọ́sàn-án ààwẹ̀.

Ká sòótọ́, ẹ̀bi rẹ̀ nìkan kọ́. Uber ló ń wà, àjọ TLC tó ń ṣàkóso táàsì sì ti là á sílẹ̀ pé tó bá fi máa di 2030, mọ́tò Uber àti Lyft ní New York gbọ́dọ̀ jẹ́ oníná, tàbí kó jẹ́ èyí tí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò ní dúró de 2030. A gbọ́.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà rẹ̀. Kó tó bọ́ sílẹ̀ tán, wáyà ti wọ mọ́tò. Nínú oṣù keje, tí ooru ń sè wá bí ẹ̀wà, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kígbe nílé gbogbo, Ẹ̀gbọ́n á ki kílówáàtì 7 bọ mọ́tò. Amúlétutù ojú fèrèsé kan kì í sábà ju kílówáàtì 1 lọ. Mọ́tò kan ti jẹ oúnjẹ ẹni méje! Bẹ́ẹ̀, ilé bíi mélòó kan ló ń pín tiransifọ́mà kékeré orí òpó. Bí ilé mẹ́ta bá ṣe bíi ti Ẹ̀gbọ́n, tiransifọ́mà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àdúgbò tí Count Basie àti Ella Fitzgerald gbé rí nìyí o! Orin tiwọn ti tán, ó ku ti orí òpó.

Con Edison, iléeṣẹ́ iná wa, náà ò sùn. Wọ́n ti ń ṣètò ibùdó iná tuntun fún apá ibi tiwa ní Queens, wọ́n sọ ọ́ ní Idlewild, orúkọ tí pápá ọkọ̀ òfuurufú JFK ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ owó ńlá ni irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Èyí tó rọjú ni ètò SmartCharge: ẹni tó bá gba iná sí mọ́tò láàárín aago méjìlá òru sí mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n á fún un lówó.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Kí ìyá wa ní Mushin má gbọ́ ọ! Ta ló ń jí lóru tí NEPA bá mú iná dé, tó ń fa omi, tó ń lọ aṣọ, tó ń lọ ata, kí wọ́n tó tún gbà á padà? Ta ló san kọ́bọ̀ fún wọn? Iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ti gba fíríìdọ̀mù rẹ̀ ní Mushin, ó dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́.

Mo lọ bá a. "Ẹ̀gbọ́n mi, títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni mọ́tò yín wà níbí. Kí lẹ ń sáré aago mẹ́fà sí?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Tí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́?"

Háà! Ẹ̀gbọ́n ti kúrò lábẹ́ NEPA, NEPA ò kúrò lára Ẹ̀gbọ́n.

Ó ku ẹ̀rù kan tó ń ba àwọn onímọ̀ iná: bí gbogbo mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá géérégé, ẹrù aago mẹ́fà kàn ṣí lọ sóru ni. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ló rí wa rí ní òde aago mẹ́rin ní aago mẹ́rin? Ẹ sáà pè wá sí méjìlá. Ẹni àkọ́kọ́ á dé ní aago kan àbọ̀. Ẹ̀gbọ́n Oníná á yọjú ní aago mẹ́ta, nínú ọgbà ara rẹ̀, á ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló dá òun dúró.