Irú Kò Gba Orí Fóònù Kọjá

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2013, Google kéde pé àwọn ti ṣe Google Nose: kéèyàn tẹ orúkọ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, kó gbé imú sún mọ́ ọn, òórùn á jáde. Ọjọ́ tí òyìnbó fi ń tan ara wọn jẹ ni. Ọmọ Ìlaròó kan tó ń gbé ní Peckham nílùú òyìnbó kò tíì rí ẹ̀rín níbẹ̀ títí dòní. Ó ní ká ní òótọ́ ni, ojú ì bá má ti òun nítorí irú.

Irú pẹ̀tẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi rán ẹnì kan sí i láti ọjà Ṣayédẹ̀rọ̀ ní Ìlaròó, ó fi ọ̀rá dì í lé ọ̀rá. Lálẹ́ Sátidé, arákùnrin wa gbé epo kaná, ó ju irú sí i. Ata kò tíì wọ ìkòkò tí wọ́n fi ń gbá ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń gbé lókè ti ké sáwọn onígáàsì! Wọ́n lé gbogbo ará ilé síta nínú òtútù, títí kan àwọn tó ró aṣọ ìnura. Àwọn onígáàsì na ẹ̀rọ tó ń mọ gáàsì sídìí sítóòfù, wọ́n nà án sẹ́yìn fíríìjì. Ẹ̀rọ kò fọhùn. Èyí tó kéré nínú wọn ló wá ṣí ìkòkò, ló bá fò sẹ́yìn.

Ká má dá obìnrin náà lẹ́bi jù. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò lóòórùn. Kẹ́míkà tó ní imí ọjọ́ nínú ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kéèyàn lè tètè fura bó bá ń jò. Ṣùgbọ́n ní Ìlaròó, aládùúgbò tó bá gbóòórùn irú, ìjókòó ló máa wá.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti gbé òórùn gba orí ẹ̀rọ lóòótọ́. DigiScents ní California ṣe iSmell, àpótí tó ní ìpìlẹ̀ òórùn 128. Wọ́n kógbá sílé ní 2001. Ní 2014, David Edwards ti Harvard fi òórùn ránṣẹ́ láàárín Paris àti New York: ṣàmpéènì àti ìpápánu aládùn. Irú kọ́ ni wọ́n fi dán an wò! Iṣẹ́ náà sì le: oríṣi mẹ́ta péré lohun tí ojú fi ń mọ àwọ̀, ló jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n rọrùn, ti imú tó bí 400.

Nítorí náà, bí ìyá bá na fóònù sórí ìkòkò, ọmọ á rí epo, á gbọ́ bó ṣe ń ta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan arákùnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí imú rẹ̀ ti pàdánù: láfún tí wọ́n sá sẹ́bàá títì Ayétòrò, ilẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kánfọ̀ inú aṣọ ìyá rẹ̀. Inú bí i, ó pa fóònù mọ́ ìyá lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Onílé ti kọ lẹ́tà: kó máa ṣí fèrèsé bó bá ń dáná. Nínú oṣù Kìíní! Ìyá gbọ́, ó ní ṣé obìnrin òkè yẹn ò tíì jẹun lọ́jọ́ náà ni. Ó tún ti di irú wóró, ó ní kó bu ti obìnrin náà fún un.