Pẹ́ńsù Tó Ń Jẹ Iná

Káfíńtà ni mí. Láti ọjọ́ tí mo ti gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, pẹ́ńsù kì í kúrò létí mi. Mo máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyàwó mi á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Tó bá kú, màá fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, á jí. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ pẹ́ńsù mìíràn.

Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2. Ilé ìwé rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwa òbí pé kí kálukú ra tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù kọ, torí orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán Kẹ́místírì. Owó rẹ̀ tó owó kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó ọ̀ṣìngín, tòun ti dígí. Mo san án. Mo délé, mo tú páálí, n kò rí pẹ́ńsù níbẹ̀. Mo sáré padà. Ọmọ tó tà á fún mi rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ọ̀tọ̀ ni owó pẹ́ńsù." Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé mo ti ta àga rí kí n ní ọ̀tọ̀ ni owó ẹsẹ̀ rẹ̀?

Mo ra pẹ́ńsù. Bó ti mọ́ mi lára, mo ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ ẹnu kí n fi itọ́ rin ín. Ọmọ mi figbe ta: "Dádì! Wọ́n ń chájì ẹ̀ ni o!"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń ya bẹ́ńsíìnì, ilé onígun mẹ́fà. Igun tirẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ bí fèrèsé tí ọmọ iṣẹ́ kàn. Kó tó gbọ́wọ́ kúrò, ẹ̀rọ ti nà án, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dọ́gba. Inú bí mi. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọ̀gá mi fi na ìka mi kí n tó lè fa ìlà kan tó tọ́! Mo gba pẹ́ńsù náà kí n fi hàn án pé àgbà ò tíì tán nílé. Àtẹ́lẹwọ́ mi kan ojú ẹ̀rọ, ni ìlà dúdú kan bá la bẹ́ńsíìnì já bí ìgbà tí ayùn bá gba orí pákó kọjá.

Ó ní kí n ya ẹ́tánọ́ọ̀lù. Mo rẹ́rìn-ín, torí ọtí inú ògógóró kọ́ ni wọn yóò fi hàn mí. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin sì mọ nǹkan pín: mo fún kábọ́ọ̀nù méjèèjì ní háídírójìn mẹ́ta mẹ́ta kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, mo so ọ́síjìn mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkejì, mo fi háídírójìn kan ṣe èènì fún un. Gbogbo ìlà tọ́ gbọnrangandan. Ẹ̀rọ wo iṣẹ́ mi, ó kun kábọ́ọ̀nù kejì ní pupa. Mo pa á rẹ́, mo tún ìlà fà kó tọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pupa.

"Dádì, ẹ ka ọwọ́ ẹ̀."

Mo kà á. Márùn-ún.

"Mẹ́rin lọwọ́ kábọ́ọ̀nù, sà. Ọ́síjìn, méjì. Háídírójìn, ẹyọ kan. Ẹ̀rọ ò bá ìlà yín jà, ọwọ́ tẹ́ ẹ kà ló ṣì."

Nígbà tiwa, olùkọ́ á gba ìwé ọgọ́rin ọmọ lọ sílé, á fa ìlà pupa gàdàgbà kọjá lórí àwòrán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ó tó rí i, kò sì ní sọ èyí tó ṣì níbẹ̀. Bí kábọ́ọ̀nù ọlọ́wọ́ márùn-ún ṣe bá mi dàgbà nìyẹn.

Ọmọ mi ní irú ẹ̀rọ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ní Yunifásítì Clemson ní Amẹ́ríkà, Melanie Cooper àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tó ń jẹ́ OrganicPad: akẹ́kọ̀ọ́ á fi pẹ́ńsù ya mólékù sójú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì tọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀. Ó tún ní Kekulé, ará Jámánì tó gbé òrùka bẹ́ńsíìnì jáde ní 1865, iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ló kọ́kọ́ wọ yunifásítì láti kọ́. Ìyẹn nìkan ló tù mí nínú. Ará ilé wa ni.

Ibẹ̀ la wà tí NEPA fi múná lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì kù díẹ̀ kó kú, pẹ́ńsù ní tirẹ̀ ti kú fin-ín fin-ín. Mo ti rí pẹ́ńsù tó ṣẹ́, n kò rí èyí tí ebi iná ń pa rí. Ọmọ mi yọ tèmi létí mi, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó ya ẹ́tánọ́ọ̀lù sójú pákó tó sún mọ́ ọn jù. Ìlà rẹ̀ wọ́, ìtìjú ni fún ìdílé káfíńtà. Mo fi ìka kà á: mẹ́rin, mẹ́rin, méjì, háídírójìn mẹ́fà ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ibi tí ẹ̀rọ ì bá ti kùn ún.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo gbà, ẹ̀rọ yín mọ̀ ọ́n kọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹnẹrétọ̀. Tí àwọn ọmọ bá ti mọ ọwọ́ kà lórí rẹ̀, pẹ́ńsù àtìwé tó wọn nílé. Kí ẹ sì bá mi bẹ oníbàárà mi kan: ilẹ̀kùn tó fẹ́ wá gbé lọ́la, ọtí ni ọmọ mi yà sójú rẹ̀.