Ẹ̀rọ Asẹ́mi Sọ Mí Dẹni Ẹ̀sín

Ọkùnrin tó bá mọ̀ pé òun kì í ka ọ̀rọ̀ ara páálí dópin, kó má sin ẹja sínú ilé. Èmi kì í kà á dópin, mo sì sin ín.

Àpótí gíláàsì tí mo gbé sí pálọ̀ wa ní Ìsẹ́yìn ń gba omi 500 lítà. Ẹja àrọ̀ ni mo kó sí i, torí pé àwọn ẹja aláràbarà wọ́n, àti pé, kí n má purọ́, mo ti ń fọkàn se ọbẹ̀. Mo gba Ìbàdàn lọ láti ra ẹ̀rọ tí yóò máa sẹ́ omi. Bí mo ṣe rí èyí tí wọ́n kọ 500 sí lára, mo ní, "Alájì, èyí gan-an ni." Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní omi 500, ẹ̀rọ 500, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ lé e: lítà ní wákàtí kan. Ìlọ́po mẹ́rin omi inú àpótí ló yẹ kí ẹ̀rọ lè yí po ní wákàtí kan, ó kéré tán. Ẹ̀rọ 2,000 ló tọ́ sí mi.

Kò pẹ́ tí omi fi dà bí omidùn. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹja lẹ ń sìn ni àbí ògì lẹ rẹ?" Inú bí mi. Mo tú ẹ̀rọ, mo rí fóòmù inú rẹ̀ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Mo da omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ sí i, mo gbo ó títí ó fi funfun, mo sá a sóòrùn, mo wá pe Ìyá Bọ́lá kó wá wo ìmọ́tótó.

Àṣé àwọn òṣìṣẹ́ mi ni mo pa run. Kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú yíyọ̀ yẹn. Ìtọ̀ ẹja, ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ àjẹkù máa ń di amóníà, májèlé gidi. Àwọn kòkòrò kan á sọ ọ́ di nítíráìtì, tó ṣì ń pa ẹja. Àwọn mìíràn á sọ ìyẹn di nítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí a lè kápá bí a bá ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tuntun, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Omi inú àpótí la fi ń ṣan fóòmù wọn, láìsí ọṣẹ.

Ẹja àrọ̀ náà tún ṣì mí lọ́nà. Ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi, kí ó fi bẹ́ẹ̀ fara da omi tí epìyà kò lè dúró nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sáré wá sókè láti lanu, mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Mo ń da oúnjẹ sí i fún wọn. Oúnjẹ yẹn náà di amóníà.

Ọmọkùnrin kan tó ń sin ẹja ní Ṣakí ló yọ mí. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, wákàtí mélòó lẹ ń rí iná lójúmọ́?" Mi ò ronú débẹ̀ rárá. Bí iná bá lọ tí omi dúró fún wákàtí mélòó kan, àwọn kòkòrò inú ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹja inú ìsédò Ikere Gorge tó wà lórí odò Ògùn nítòsí wa kò nílò NEPA, omi rẹ̀ pọ̀ ju ìdọ̀tí rẹ̀ lọ. Èmi, 500 lítà ni tèmi.

Ó ní kí ẹ̀rọ 2,000 máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà, kí n sì fi fóòmù ńlá méjì tí afẹ́fẹ́ ń fa omi gbà kọjá tì í, kí n so ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn mọ́ bátìrì àti sólà. Ìyẹn kì í jẹ iná púpọ̀, oòrùn kò sì wọ́n wa ní Òkè-Ògùn. Ó ní kí n dín ẹja kù pẹ̀lú. Ìmọ̀ràn yẹn nìkan ni Ìyá Bọ́lá gbà lójú ẹsẹ̀: ó ti gbé ìkòkò kaná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ asẹ́mi, ẹ ka lítà ní wákàtí, kó tó ìlọ́po mẹ́rin omi yín. Ẹ wò ó bí àyè bá wà fún fóòmù tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wá ohun tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ. Ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún aṣọ.