Adìẹ Bàbá Tíṣà Ń Mu Mílíìkì

Ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé pariwo. Mílíìkì tí Màmá Tíṣà wá títí tó fi fẹ̀sùn kan ọmọ ọ̀dọ̀, adìẹ ló mu ún. Ojú mi kòró báyìí ni mo fi rí Bàbá Tíṣà ní ìdájí lẹ́yìn kànga. Ó bu mílíìkì oníyẹ̀fun sínú omi, ó rò ó, ó da oògùn inú ìgò kékeré kan sí i, ó gbé e fún adìẹ. Kí oòrùn tó yọ, ó ti dé etí ọjà Ayétòrò pé Bàbá ti wọ ẹgbẹ́ kan.

Àṣé oògùn lúkúlúkú ni, àrùn tó máa ń gbá adìẹ odidi àdúgbò lọ nígbà ọyẹ́. La Sota ni wọ́n ń pe oògùn ọ̀hún. Kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sí omi ẹ̀rọ máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, mílíìkì ni kì í jẹ́ kó bà jẹ́. Èmi ṣàlàyé, ṣàlàyé, ta ló dá mi lóhùn? Ti ẹgbẹ́ yẹn dùn ju ti oògùn lọ.

Ohun tó ń jẹ àwọn ará àdúgbò lọ́kàn ni pé Bàbá kì í tà, kì í sì í pa. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, adìẹ ìbílẹ̀ nìkan ló ń kó jọ: asa tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn, abólọ́rùn, òpìpí tí apá rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́, arúpẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú. Oníṣègùn kan gun ọ̀kadà wá láti ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, ó ní asa kan ṣoṣo lòun fẹ́. Ó na owó. Bàbá ní rárá. Ó fi lé e. Bàbá ní kó jókòó, kó mu omi, kó máa lọ. Adìẹ tí gbogbo wa mọ̀ sí adìẹ ẹbọ! Ìyá Alákàrà ní tí wọ́n bá fi irú owó yẹn lọ òun, òun á fi ọkọ òun ṣe ènì.

Ọkọ Ìyá Alákàrà kúkú ní tiẹ̀ lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Lọ́dún kan, Bàbá so asa mọ́ asa. Nígbà tí ẹyin wọn pa, àwọn òròmọdìẹ kan ń dàgbà ní ìhòòhò, ìyẹ́ tó bá hù lára wọn á tún já. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe Bàbá. Ọmọ kan tó ń kọ́ nípa ọ̀gbìn ní ẹ̀ka Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ tó wà níbí ló bá wa tú u. Ó ní tí asa bá gun asa, nínú ọmọ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí méjì jọ òbí wọn, kí ọ̀kan jẹ́ adìẹ lásán, kí ìkẹrin gbé asa ju agbára rẹ̀ lọ. Adìẹ lásán ni kó máa so mọ́ asa, ìdajì ọmọ á ṣì jẹ́ asa. Bàbá kọ ọ́ sínú ìwé bí ọmọ kíláàsì kan!

Abólọ́rùn ni Bàbá fẹ́ràn jù. Á gbé e lé itan, á ní kí n wo iwájú ọrùn. Èyí tó ní ìdì ìyẹ́ kékeré níbẹ̀, ọ̀dọ̀ òbí kan ló ti jogún ẹ̀. Èyí tí ọrùn rẹ̀ mọ́ foo, ti baba ti ìyá ló gbà. Ìyẹ́ wọn kò pọ̀, ooru kì í tètè mú wọn. Ní FUNAAB, yunifásítì ọ̀gbìn l'Ábẹ́òkúta, adìẹ ìbílẹ̀ yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe tó fi di irú adìẹ tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá láti Èkó ní kí la mọ̀ nípa adìẹ. Ó gbé Brahma dé, adìẹ ńlá kan tó wọ ṣòkòtò ìyẹ́ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ti ń kó adìẹ jọ fún aráyé wò láti ìgbà tí èrò ti rọ́ lọ wò wọ́n ní Boston ní 1849, àti pé ní 1852, George Burnham ará Amẹ́ríkà fi irú Brahma yìí ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Ó tún dárúkọ Silkie, tó ní ìka márùn-ún lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Háà! Adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tan yẹ̀pẹ̀ n'Ífẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Alákàrà ń lé adìẹ kiri agboolé, ó ń ka ìka wọn. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Àkàrà jóná.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọjọ́ táwọn àna Bàbá Tíṣà wá. Màmá Tíṣà bẹ Bàbá fún àkùkọ kan péré. Bàbá ka owó lé e lọ́wọ́ pé kó lọ ra adìẹ lọ́jà. Màmá lọ ra adìẹ fíríìsà, èyí tí ìjọba ní kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè Ìdìrókò wọlé. Òun àti ìrẹsì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019, tí ti Ìdìrókò kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin 2022, ó sì kúkú ń wọlé. Àgbà àgbébọ̀ ni, ó le kokooko. Àna fi eyín fà á, ó fà á, ó ní, “Adìẹ ìbílẹ̀ yàtọ̀ o! Ẹnu mọ̀ ọ́n.”

Màmá sá lọ sí kíṣíìnì. Bàbá Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ ṣé. Àgbàdo gidi la fi ń bọ́ wọn.”