Jẹ̀díjẹ̀dí, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Láti Ara Ẹni Tó Kọ Ọ́

Jẹ̀díjẹ̀dí ni wíwú àwọn tìmùtìmù ẹlẹ́jẹ̀ tó wà nínú ihò ìdí. Kò sí ẹni tí kò ní wọn. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, iṣẹ́ wọn sì ni láti bá ihò ìdí panu dé, kí afẹ́fẹ́ àti omi má baà jáde nígbà tí a kò pè wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá wú, tàbí tí wọ́n yẹ̀ kúrò láyè wọn, ni wọ́n ń di àrùn. Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò níhìn-ín ni ọkùnrin akọ̀wé kan ní Lọ́kọ́jà, ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó mọ gbogbo ọ̀nà tí kò yẹ kí á gbà tọ́jú àrùn náà, nítorí ó ti gbà wọ́n tán. Òun náà ló kọ àlàyé yìí.

Oríṣi méjì ni. Ti inú kì í sábà dunni. Ẹ̀jẹ̀ pupa yòò la fi ń mọ̀ ọ́n, lára ìgbẹ́ tàbí lára tíṣù. Àwọn oníṣègùn pín in sí ipele mẹ́rin: èkíní ń ṣẹ̀jẹ̀ lásán, èkejì ń yọ síta nígbà ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì ń dá padà wọlé, ẹ̀kẹta kì í wọlé àfi bí a bá fi ìka tì í, ẹ̀kẹrin kọ̀ jálẹ̀. Ti ìta wà lábẹ́ awọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú rẹ̀, á le koko bí ẹ̀pà, á sì máa dunni wọra, pàápàá ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkùnrin inú àpẹẹrẹ fi ń rí ẹ̀jẹ̀, tó ń dá ata rodo lẹ́bi. Nígbà tó pinnu láti wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tẹ́ dígí ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó lóṣòó lé e. Ẹsẹ̀ yọ̀, dígí fọ́. "Bàbá Ṣadé, kí ni dígí mi ń wá nílé ìgbọ̀nsẹ̀?" Títí di òní, ìbéèrè náà kò tíì rí ìdáhùn.

Ohun tó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí ni ìnira tó ń tẹ àwọn tìmùtìmù náà: àìrígbẹ́yà, fífi tipátipá yàgbẹ́, jíjókòó pẹ́ lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, oyún, ẹrù wúwo, àti ọjọ́ orí. Ṣúgà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá lẹ́bi kò sí níbẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé orúkọ kan náà ni a fi ń pe ìdí tó ń yún, inú tó ń ṣu, ẹ̀yìn tó ń ro, àti okun ọkùnrin tó dín kù. Ọkùnrin wa yọ ṣúgà kúrò nínú tíì rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì korò bí ewúro, ṣùgbọ́n kò yọ fóònù kúrò nílé ìgbọ̀nsẹ̀, níbi tó ti ń ka ìròyìn fún ogójì ìṣẹ́jú. Iyán àti ẹja tútù Odò Ọya ni oúnjẹ rẹ̀, ẹja kò sì ní fáíbà tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ rárá. Nígbà tí omíyalé ọdún 2022 dí ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́jà, ó sùn sínú bọ́ọ̀sì, ó sì ń dá ìgbẹ́ dúró nítorí ojú àwọn èrò. Ìgbẹ́ tí a bá dá dúró, ìfun á fa omi inú rẹ̀ mu, á sì le bí òkúta.

Ìtọ́jú tó kọ́kọ́ yá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni agbo. Ní gáréèjì, ìyá alágbo bu ife kan fún un: "Ọkọ mi, ẹ mu ún tán, jẹ̀dí á kó ẹrù ẹ̀ lónìí." Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló sáré kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹrù tó jáde kì í ṣe ti jẹ̀dí. Ìgbẹ́ gbuuru a máa bí ìdí nínú bí ìgbẹ́ líle ṣe ń bí i, agbo tí a rẹ sínú ògógóró sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn èyí ló mú ìpara gbígbóná tí wọ́n fi ń pa orúnkún. Awọ ìdí fẹ́lẹ́, ó sì tètè ń mọ ìrora. Ó yí ọgbà po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rántí omi, omi kò sì bá ọ̀rá ṣe ọ̀rẹ́.

Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló yẹ: kí á jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, láìfi ohunkóhun sí i. Bí kókó ti ìta bá ń dunni kíkankíkan, dókítà lè gé e kí wákàtí 72 tó pé. Fún ti inú tí kò gbọ́ ti oúnjẹ oní-fáíbà àti omi mímu, wọ́n máa ń fi rọ́bà kékeré so ó nídìí, ọ̀nà tí dókítà James Barron sọ di mímọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963. Á gbẹ, á sì já bọ́ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ abẹ wà fún èyí tó kọjá agbára rọ́bà.

Ṣùgbọ́n a ní láti sọ ibi tó ń dunni. Ọkùnrin wa sọ fún dókítà pé, "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí." Wọ́n ya fọ́tò egungun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sanwó, egungun náà sì dára púpọ̀. Nígbà tó padà lọ jẹ́wọ́, ìdùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì àti ìka kan nínú ìbọ̀wọ́ ni gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí wá, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì. Àyẹ̀wò náà ṣe pàtàkì, nítorí jẹjẹrẹ ìfun náà a máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń rù, tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà tàbí tó dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó ti pé ọdún 45, kò gbọdọ̀ fi orúkọ jẹ̀dí tu ara rẹ̀ nínú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìdènà rẹ̀ kò ṣòro. Fáíbà tó tó gíráàmù 25 sí 30 lójúmọ́ ni ara ń fẹ́: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, gúáfà, àti ọsàn tí a jẹ pọ̀ mọ́ ẹran ara rẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, pàápàá nínú ooru Lọ́kọ́jà tó ń fi òógùn gba omi lára. Kí á lọ nígbà tí ìgbẹ́ bá pè, kí á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, kí á sì dìde kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó kọjá. Bí ìgbẹ́ bá tún le, àrùn náà lè padà. Ní ti ọkùnrin inú àpẹẹrẹ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni fóònù rẹ̀ ń dúró dè é báyìí, dígí tuntun sì wà lára ògiri, níbi tó ga ju ìdí lọ.