Fíláàṣì Kò Jẹ̀bi

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún ọ́fíìsì kan tó ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní wáàfù Àpápá. Orúkọ àwọn èèyàn, rìsíìtì, nọ́ńbà kọ̀ǹtéńà, inú dátábéèsì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀gá ní kí n máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí n máa gbé e lọ sílé, kí iná má bàa jó ọ́fíìsì kó jó iṣẹ́ mọ́ ọn. Ilé mi ò jìnnà, Ajégúnlẹ̀ ni, bí tírélà bá gbà wá láyè.

Mo ra fíláàṣì tó ń gba 16 gígábáìtì ní ọjà Boundary. Mo fi gzip fún dátábéèsì pọ̀, ó ku 6. Ó ń wọlé, ó ń wọlé, ó dé 4, ó kọ̀ jálẹ̀: fáìlì yìí ti tóbi jù. 16 dà? Ayédèrú! Mo gbá fíláàṣì mú, ó di Boundary, mo ń pariwo olè lójú àwọn oníbàárà.

Ọmọkùnrin tó tà á, tó máa ń da orin àti fíìmù sí fóònù fún aráàlú, ò tilẹ̀ bínú.

“Ẹ̀gbọ́n, FAT32 ló wà lórí ẹ̀. Fáìlì kan ò lè tó 4 níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ́mátì ẹ̀ sí exFAT.”

Òótọ́ ló sọ. FAT32, ètò ìto-fáìlì tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 1996, bíìtì 32 péré ló fi ń kọ ìwọ̀n fáìlì sílẹ̀, kò sì lè kà ju 4,294,967,295 báìtì lọ. Ikùn fíláàṣì gba 16, òkèlè kan ni kò gbọdọ̀ tóbi jù.

Ṣùgbọ́n èmi tí mo kàwé kọ̀ǹpútà, kí ọmọ tó ń da orin wá kọ́ mi? Mo ní kó fi í sílẹ̀, èmi á gé e. Àṣẹ split ń bẹ lórí Linux, tó ń gé fáìlì, tó sì ń sọ àwọn ègé ní aa, ab, ac, kí wọ́n lè tò tẹ̀lé ara wọn. Bí mo bá gé e ní 3 gígábáìtì, ègé méjì ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Rárá o. 500 mẹ́gábáìtì ni mo fi gé e. Mo tún wò ó pé aa àti ab ò dùn ún wò, mo yí orúkọ wọn sí 1, 2, 3, títí tó fi kọjá 10.

Ọjọ́ tí ọ̀gá ní kí n fi ẹ̀dà náà han òun, mo fi àṣẹ cat kó gbogbo ègé jọ lẹ́ẹ̀kan náà. gzip ní dátà inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo tún un ṣe, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, ó ń mí sí mi lọ́rùn. Àṣé kọ̀ǹpútà kì í ka nọ́ńbà inú orúkọ bíi tiwa: 1 ló ṣáájú, 10 tẹ̀ lé e, 11, 12, kó tó wá kan 2. Ìparí dátábéèsì ti ré àárín kọjá. Ká ní 01 àti 02 ni mo kọ ni, òógùn ì bá má bò mí.

Ojúlówó ṣì wà lórí sáfà, òun ló yọ mí. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí mo bá ní, “Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ̀dà ti wà nílẹ̀,” ọ̀gá kì í jẹ́ mi ní káàárọ̀ mọ́. “Ṣé o ti tú u wò?” ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́.