Ọ̀gbẹ́ni Ọdún-Yìí-Ni

Ẹ kò ní í rìn jìnnà ní Ìlú Mẹ́síkò kí ẹ tó kàn án. Aṣọ búlúù rẹ̀ ti ṣá, ọrùn rẹ̀ ti ya, kò sì jẹ́ ra tuntun. Òun ló wọ̀ ní 1997, nígbà tí Cruz Azul, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ sìmẹ́ǹtì dá sílẹ̀ ní 1927, na León nínú àṣekágbá. Gólíkípà León fi bàtà gbá Carlos Hermosillo ti Cruz Azul lójú, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ ló sì fi gbá pẹ̀náríìtì tó mú ife wálé. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, èsì rẹ̀ ni pé, "Ọdún yìí ni!" Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan.

Líìgì Mẹ́síkò ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba ife níbẹ̀ lọ́dún, Apertura àti Clausura. Ẹni tó ṣe ipò kìíní lórí tábìlì kò tíì gba nǹkan kan, ó ṣì ń bọ̀ wá wọ Liguilla, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń já ẹgbẹ́ dànù. Ẹlòmíràn a ní àǹfààní méjì nìyẹn. Tirẹ̀, ẹkún méjì ni, ó sì mọ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bọ̀.

Ẹ má dá ọ̀rọ̀ 26 oṣù Karùn-ún 2013 sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹ kò bá tíì jẹun. Àṣekágbá ni, òjò ń rọ̀ ní pápá Azteca. Nínú àròpọ̀ ìpàdé méjèèjì, Cruz Azul ti fi góòlù méjì ṣíwájú ẹgbẹ́ América, ó ku díẹ̀ kí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé. Ó ti ń wá ẹni tí yóò dì mọ́. América jẹ ọ̀kan. Nígbà tó di àfikún ìṣẹ́jú, Moisés Muñoz, gólíkípà América, gólíkípà ni mo wí o, fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó forí kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ta lára ẹnì kan, ó wọlé. Pẹ̀náríìtì ló parí rẹ̀, América ló sì gbé ife lọ. Bó bá dé ibi gólíkípà yìí, yóò dákẹ́, yóò máa fi ṣíbí ro kọfí tí kò fi ṣúgà sí.

Ní oṣù Kejìlá 2020, Cruz Azul na Pumas 4-0 nínú ìpàdé àkọ́kọ́ ní Liguilla. Ó ní, "Mẹ́rin! Ta ló lè dá mẹ́rin padà?" Nínú ìpàdé kejì, Pumas dá mẹ́rin padà, wọ́n sì kọjá nítorí pé àwọn ló wà lókè lórí tábìlì. Àwọn ará Mẹ́síkò kúkú ti sọ orúkọ ẹgbẹ́ náà di ọ̀rọ̀-ìṣe, cruzazulear: kí ọwọ́ tẹ nǹkan tán kó tún já bọ́. Ó ń bínú sí ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó ń dùn mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ mélòó ló rí ọ̀nà wọ inú èdè?

Ìgbà tí wàhálà dé gan-an ni 30 oṣù Karùn-ún 2021. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún àti ààbọ̀, Cruz Azul gba ife líìgì lọ́wọ́ Santos Laguna. Juan Reynoso, tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní 1997, ni kóòṣì. Ọ̀gbẹ́ni wa sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó jí, àwọn aládùúgbò ń kí i kú oríire, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n já ogún bàbá rẹ̀ gbà. Kí ló máa wá sọ báyìí?

Ọlọ́run ò kúkú gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2022, América na wọ́n 7-0, ara rẹ̀ yá. Ní 2024, América tún nà wọ́n nínú àṣekágbá, pẹ̀lú góòlù pẹ̀náríìtì kan. Ohùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò.

Ní oṣù Kẹfà 2025, Cruz Azul na Vancouver 5-0, wọ́n gba ife Concacaf. Ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó ní kì í ṣe líìgì.

Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ife sílẹ̀, gólíkípà ni kí ẹ bi í.